Èdè Ni Kó Ṣáájú Ìrìn-àjò

Láti ọdún 1996 tí Jay-Jay Okocha, ọmọ Ogwashi-Uku ní ìpínlẹ̀ Delta yìí, ti lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Fenerbahçe ní Istanbul, tí wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ títí ó fi di ọmọ onílùú, ni ọkàn ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Warri ti ń fà sí ilẹ̀ Tọ́kì. Nígbà tí agbábọ́ọ̀lù wa Victor Osimhen sì dé Galatasaray, ẹgbẹ́ mìíràn ní Istanbul, ní 2024, ìfẹ́ náà tún ru sókè. Ẹlòmíràn ń fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù, ẹlòmíràn ń fẹ́ lọ ra aṣọ ní àdúgbò Laleli ní Istanbul, ẹlòmíràn ń wá ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ìjọba wọn. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun ìrìn-àjò. Ohun tí mo ń wí ni pé kí ó gbọ́ èdè wọn kí ó tó gbéra.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Áfíríkà ni ayédèrú aṣojú ti gba owó lọ́wọ́ òbí wọn, tí ó sì já wọn jù sílẹ̀ ní Istanbul láìsí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kankan tí ó ń retí wọn. Èdè nìkan kọ́ ni ó lè gbani lọ́wọ́ ọ̀dàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè fi ojú ara rẹ̀ ka ìwé àdéhùn, tí ó sì lè fi ẹnu ara rẹ̀ rojọ́ níwájú ọlọ́pàá, kò ní í rọrùn láti tà lójú ara rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní èdè kò ṣeé kọ́ láìsí iléèwé, kí ó wo Warri tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń fọ́nnu pé kì í gbẹ̀yìn, níbi tí Itsekiri, Urhobo àti Ijaw ti ń gbé, tí àwa Yorùbá sì wá bá wọn: inú ọjà ni gbogbo wa ti kọ́ Píjìn. Lílọ sí òkè òkun pẹ̀lú kì í ṣe tuntun ní Warri: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún pàápàá, ọmọ Olú Warri tí a ń pè ní Dom Domingos ti lọ kàwé ní Potogí, ó fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, ó sì padà wá jọba ní Atuwatse Kìíní.

Èdè Tọ́kì kò sì ṣe àjèjì sí Yorùbá tó bí a ti rò. Láti 1928, ní ayé Atatürk, ààrẹ wọn àkọ́kọ́, lẹ́tà 29 tí ó jọ tiwa ni wọ́n fi ń kọ ọ́, bí a sì ti kọ ọ́ ni a ń pè é. Wọn kì í pe àgbà lórúkọ gàdàgbà. Abi ni wọ́n ń fi kún orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, abla ni ti obìnrin. Wákàtí wa ni vakit wọn, sùúrù wa ni sabır wọn, nítorí èdè Lárúbáwá ni àwa àtàwọn ti yá a. Ibi tí ó ti le ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe ní í gbẹ̀yìn gbólóhùn wọn, tí àfòmọ́ sì ń tò tẹ̀lé ara wọn nídìí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ev ni ilé, evlerimizde sì ni nínú àwọn ilé wa.

Ṣùgbọ́n dídá kọ́ èdè kì í ṣe dídá wà. Fóònù lè kọ́ni ní ọ̀rọ̀, àmọ́ ènìyàn ni í tún ohùn ènìyàn ṣe. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kà á sókè lójoojúmọ́, kí ó máa tẹ́tí sí eré orí tẹlifíṣọ̀n wọn, kí ó sì wá ẹnìkan tí ó gbọ́ ọ dáadáa tí yóò máa bá a sọ ọ́. Ẹni bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, díẹ̀ díẹ̀ sì ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ta ilẹ̀ láti fi san owó aṣojú, ẹ fún ọmọ ní àkókò àti dátà kí ó fi kọ́ èdè náà ná. Kí ẹ tó ka owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ gbé ìwé àdéhùn náà fún ọmọ, kí ó kà á, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Bí kò bá tíì lè ṣe é, kò tíì yá.