Ẹ̀rọ Kì í Dá Kọrin

Àwọn kan ń pariwo pé ẹni tí ó dá jókòó nínú yàrá, tí ó ń fi kọ̀ǹpútà àti dùùrù oníná nìkan ṣe àwo orin, kì í ṣe olórin. Irọ́ ni. Bí ìlù kò ti lè dún láìsí ọwọ́ onílù, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ kì í dá kọrin.

Ta ni ó ní ohun èlò òkèèrè ń ba orin jẹ́? Ní àárín àwọn ọdún 1950, ní Rosettenville, ní Johannesburg, àlùfáà Trevor Huddleston wá fèrè trumpet fún akẹ́kọ̀ọ́ St Peter's kan tí ìjàngbọ̀n kì í wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀. Hugh Masekela ni. Fèrè òyìnbó ni, ṣùgbọ́n ohùn Áfíríkà ni ayé gbọ́ nínú rẹ̀. Jùjú tí àwọn alárìíwísí ń jó sí, ṣé ilẹ̀ Yorùbá ni gìtá inú rẹ̀ ti hù?

Dídá ṣe é ńkọ́? Ní Enugu, láàrin 1977 sí 1985, William Onyeabor fi dùùrù oníná ṣe àwo lẹ́yìn àwo, ó sì gbé wọn jáde lábẹ́ Wilfilms, ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Ní 2013, Luaka Bop ti New York ṣa díẹ̀ nínú orin rẹ̀ jọ fún ayé. Ṣé dandan ni kí àjèjì kọ́kọ́ yin ọmọ kí ilé tó mọ iyì rẹ̀?

Ọ̀dọ́ tí ó ń múra àwo tuntun sílẹ̀ lónìí, ní Rosettenville tàbí ní Mushin, ẹ gbọ́ orin rẹ̀ ná. Bí kò bá lọ́gbọ́n nínú, ẹ bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ohun èlò ọwọ́ rẹ̀ dá a lẹ́jọ́.