Ọjọ́ A Bá Kú Là Á Dère

Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ta ni kò mọ ìtumọ̀ ẹ̀? Èmi ò fẹ́ túmọ̀ ohunkóhun, inú ló ń bí mi.

Ẹ wá sí Tudu ní Accra lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ wo ògiri ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Aflao. Àwòrán bàbá sójà kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, bàbá wọ kákí, àmì-ẹ̀yẹ wà láyà wọn. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí ni, sójà Gáná. Wọ́n bá wọn lọ ṣọ́ àlàáfíà ní Lẹ́bánónì, wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n jókòó ti àtẹ àgádágodo. Owó àgádágodo yẹn ló rán àwọn ọmọ-ọmọ wọn nílé ìwé. Bí òjò bá rọ̀ lóru, bàbá ló máa ń jí kó pàǹtí inú gọ́tà kí omi má baà ya wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń sùn. Bí awakọ̀ àti kayayó aláàárù bá ń jà, bàbá náà ni wọ́n ń pè.

Nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú wọn, ọmọ wọn kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa pé owó iṣẹ́ abẹ ò pé. Àdúrà ni wọ́n fi dá a lóhùn. Bàbá wá kú, aṣọ méjì ni ẹgbẹ́ fẹ́ ká dá: dúdú òun pupa fún ìsìnkú, funfun fún ìdúpẹ́. Àgọ́ ń bọ̀, màlúù ń bọ̀. Iye tí wọ́n bù fún kálukú ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ká pa alààyè tì, ká wá máa yẹ́ òkú sí, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Pápá Polo àtijọ́, níbi tí sàréè Nkrumah wà báyìí, kò jìnnà sí Tudu. Ibẹ̀ ni àwọn sójà tó ti ogun Bọ́mà dé ti gbéra ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1948, tí wọ́n mú ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ bá Gómìnà Creasy ní ilé ìjọba Christiansborg. Owó ìfẹ̀yìntì àti ìlérí tí wọ́n ṣe fún wọn ni wọ́n ń béèrè. Imray, ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó, yìnbọn lù wọ́n. Sájẹ́ńtì Adjetey, Kọ́pùrà Attipoe àti Odartey Lamptey kú. Lọ́dọọdún ni ìjọba ń gbé òdòdó síbi ìrántí wọn ní Osu. Ó dáa, ṣùgbọ́n òdòdó ò sí nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn.

Ẹnì kan sọ fún mi pé ìjọba ṣáà ń san owó ìfẹ̀yìntì fún sójà báyìí. Onítọ̀hún ò tíì fi owó náà ra oògùn ojú lọ́jà Makola rí.

Ó wá ku ibì kan tí òwe mi ò dé. Wọ́n yin Joseph Hammond láàyè. Ó ja ogun Bọ́mà; nígbà tí Kòrónà dé lọ́dún 2020, ẹni ọdún 95 ni, ó gbọ́ bí Captain Tom Moore ṣe fi ìrìn wá owó ní Ìlú Ọba, lòun náà bá ń rin máìlì méjì lójúmọ́ fún ọjọ́ méje nínú oòrùn Accra. Ọbabìnrin Elizabeth fún un ní àmì-ẹ̀yẹ. Bẹ́ẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti àwọn sójà àtijọ́ bíi tirẹ̀ ló ń tìtorí wọn wá owó! Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, àwa sì jókòó, à ń pàtẹ́wọ́ fún ọ̀bẹ. Ẹ ò rí i pé oríyìn nìkan kọ́ la jẹ àwọn sójà yìí. A jẹ wọ́n lówó pẹ̀lú.

Bàbá mìíràn tí òun àti bàbá ara ògiri jọ ṣe sójà ṣì wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ Tudu níbẹ̀. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń wá ọ̀nà ilé. Alága ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ni mò ń bá wí: eélòó lẹ kọ síwájú orúkọ tiwọn?