Kí Orúkọ Fíngbáfíngbá Má Ṣe Parẹ́

Ní Ọ̀yọ́ Aláàfin, Òjó pa ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ọmọ Àtìbà, iṣẹ́ ìdílé ni igbá fífín. Igbá tí a ti rì sómi títí inú rẹ̀ fi jẹrà, tí a fá mọ́, tí a sì sá gbẹ, ni fíngbáfíngbá ń gbé lé itan, tí yóò máa fi ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó fa ìlà wínníwínní sí i lára, títí alángbá, ìjàpá, ẹyẹ àti ọnà alọ́mọ́ra yóò fi yọ láàárín wọn.

Àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ náà mọ ọnà í ṣe. Láti nǹkan bí ọdún 900 sí 700 ṣáájú ìbí Jésù, ìlà tí ń ṣẹ́rí padà sínú ara rẹ̀ láìjá ni àwọn amọ̀kòkò Áténì fi ń yí ìkòkò ká. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ẹranko àti ènìyàn tó gba ojú ìkòkò gan-an. Ní nǹkan bí ọdún 530 ṣáájú ìbí Jésù, ọ̀kan nínú àwọn amọ̀kòkò náà, Exekias, ya jagunjagun méjì, Achilles àti Ajax, tí wọ́n jókòó ti eré orí ọpọ́n bí ẹni ń ta ayò, tọ̀kọ̀ tọ̀kọ̀ lọ́wọ́. Ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ni òun mọ ọ́n, òun ni òun kùn ún. Ìkòkò náà wà ní Vatican dòní.

Ta ni a lè dárúkọ bẹ́ẹ̀ lára igbá Ọ̀yọ́? Igbá wa wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun, ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀yà nìkan ni a ń rí kà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó dùn mí wọra. Ẹlòmíràn yóò ní ìdílé ló ni ọnà, kì í ṣe ẹnì kan. Mo gbà, síbẹ̀ ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé ọwọ́ Lágbájá kì í jọ ọwọ́ Tàmẹ̀dù.

Àwọn àgbà a máa wí pé bí fíngbáfíngbá kò bá fíngbá mọ́, ọmọ rẹ̀ ni yóò máa fín in. Ṣùgbọ́n abọ́ ike ti gba ọjà, ọmọ sì ń wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Amọ̀ tí a fi iná sun lè sùn sábẹ́ ilẹ̀ fún 2,500 ọdún kí ọnà ara rẹ̀ má parẹ́. Igbá ńkọ́, tí kòkòrò ń jẹ, tí ń fọ́? Àwa gan-an ló yẹ kó tètè kọ tiwa sílẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ń jẹ́ orúkọ Ladoke Akintola wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété láti 1990, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Ọ̀yọ́. Kí wọ́n rán akẹ́kọ̀ọ́ wá, kí wọ́n ya fọ́tò igbá, kí wọ́n gba orúkọ ọnà kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ẹni tó fín in, kí wọ́n sì kọ orúkọ onítọ̀hún tì í. Kí fíngbáfíngbá fúnra rẹ̀ sì máa fi ọ̀bẹ rẹ̀ kọ orúkọ sídìí igbá kí ó tó tà á.