Ọjọ́ tí tírélà fi dúró, ta ló ń sanwó ẹ̀?

Ọ̀rẹ́ mi kan pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní òun ti rí ẹrù gidi. Kọ̀ntánà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà ogójì ni, láti Àpápá lọ sí Kánò, owó tí alágbàtà sì pè fún un wú u lórí. Kò tíì pé oṣù méjì tó ra tírélà tòkúnbọ̀ tó fẹ́ fi gbé e. Owó tó tù jọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ báńkì àti èyí tó yá ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló pa pọ̀ fi rà á. Mo bá a yọ̀. Kí ni kí n tún sọ?

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó tún pè. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ọkọ̀ dé Kánò láyọ̀ o, ṣùgbọ́n ọjọ́ méje gbáko ló fi wà níwájú sítọ́ọ̀ ẹni tó ni ẹrù, wọ́n ní kò tíì sí àyè láti já a. Nígbà tó padà dé Èkó, kọ̀ntánà òfìfo tó gbé bọ̀ tún wà lẹ́yìn ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n tó gbà á. Ọjọ́ mẹ́tàlá lápapọ̀ tí ọkọ̀ ò rìn, tí awakọ̀ àti mọ́tọ̀bọ́ì ń jẹun, tí wọ́n ń sanwó ibi tí wọ́n páàkì sí, tí gbèsè alájẹṣẹ́kù ò sì sinmi. Mo bi í pé ta ló máa sanwó ọjọ́ mẹ́tàlá yẹn. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Lọ́yà, wọn kì í sanwó ìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Wọn kì í sanwó ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan san án ṣá. Òun ló san án.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lórí fóònù ló ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan pé tírélà ni iṣẹ́ tó lówó báyìí. Àwọn kan ti dáwó jọ ra ọ̀kan, àwọn kan wà lókè òkun tí àbúrò wọn ń bójú tó tiwọn nílé. Ìbéèrè tí gbogbo wọn ń béèrè ni pé níbo lèèyàn ti ń rí ẹrù tó lówó lórí. Ìbéèrè yẹn ò burú, àmọ́ ìdajì ẹ̀ ni. Ìdajì tó kù ni pé ọjọ́ mélòó ni ẹrù yẹn máa gbà, ta ló sì máa sanwó ọjọ́ tó bá lé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Iye tí mo fẹ́ lò yìí kì í ṣe iye ọjà tòní o, mo kàn fẹ́ fi ṣàlàyé ni. Ká ní wọ́n pe ẹrù Kánò ní ₦1,800,000. Láti Èkó dé Kánò tó nǹkan bíi 1,000 kìlómítà. Tírélà tòkúnbọ̀ tó ru ẹrù lè jẹ lítà dísẹ́ẹ̀lì 45 ní 100 kìlómítà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn lítà 450 ní àlọ. Tí kọ̀ntánà bá ti ṣófo, ká pè é ní lítà 300 ní àbọ̀. Tí lítà kan bá jẹ́ ₦1,000, ₦750,000 ti wọ táǹkì nìyẹn. Ká fi ₦150,000 sí owó awakọ̀ àti mọ́tọ̀bọ́ì, ká fi ₦120,000 sí ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tó ń na ọwọ́ lójú ọ̀nà, tí tíkẹ́ẹ̀tì wọn ń yí àwọ̀ padà láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì. Ó ku ₦780,000. Owó ńlá ni lójú. Ṣùgbọ́n pín in sí ọjọ́ 24 tí ọkọ̀ fi wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀hún, ₦32,500 lójúmọ́ ni. Inú ìyẹn ni ọ́ìlì, mẹkáníìkì, gbèsè àti taya ti máa jáde, bẹ́ẹ̀ tírélà míì ní taya 22 lábẹ́.

Ẹ wá wo ẹrù Ìbàdàn tí ọ̀pọ̀ ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, ká ní ₦450,000. Àlọ àti àbọ̀ ò ju nǹkan bíi 300 kìlómítà lọ. Dísẹ́ẹ̀lì ₦120,000, ìnáwó yòókù ₦80,000, ó ku ₦250,000. Tó bá gba ọjọ́ mẹ́rin, ₦62,500 lójúmọ́ ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Kánò. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó ni ẹrù bá dá ọkọ̀ dúró ní Ìbàdàn náà kó tó já a, kí ọjọ́ mẹ́rin di mẹ́jọ, ₦31,250 ló kù lójúmọ́, ó ti wá sí abẹ́ ti Kánò. Ẹ rí i báyìí pé kì í ṣe bí ọ̀nà ṣe jìn tó ni wàhálà. Ìdúró ni.

Èyí ò sì rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí epo ṣì rọjú. Gẹ́gẹ́ bí àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba ṣe sọ, nǹkan bíi ₦289 ni wọ́n ń ta lítà dísẹ́ẹ̀lì kan kárí orílẹ̀-èdè yìí ní oṣù Kejìlá 2021. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá 2022, ó ti tó ₦817. Ẹni tó ń ṣe àṣìṣe nígbà yẹn ṣì lè rí nǹkan mú lọ sílé. Lónìí, àṣìṣe ẹyọ kan péré lè gbé taya mẹ́rin lọ.

Àwọn àgbà inú iṣẹ́ yìí á sọ fún ẹ pé ẹrù àbọ̀ lèrè wà. Òótọ́ ni, àmọ́ ó ní irú ọkọ̀ tó ń bá mu. Ẹni tó ní ọkọ̀ akẹ́rù tó ní bọ́dì lè já ọjà sílẹ̀ ní Kánò, kó yà sí Dáwánáù lọ kó ẹ̀wà tàbí àgbàdo, tàbí kó gba ọ̀nà Sókótó àti Kébbí nígbà tí àlùbọ́sà bá pọ̀, kó kó o wá sí Mile 12. Onítírélà tó gbé kọ̀ntánà ọjà òkèèrè ò ní àǹfààní yẹn bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló ni kọ̀ntánà, ẹni tó kó ẹrù wọlé ti fi owó ìdógò sílẹ̀ lórí ẹ̀, ajẹ́ǹtì sì ń pè ní gbogbo wákàtí pé kí wọ́n tètè dá a padà. O ò lè kó àlùbọ́sà sínú ẹ̀. Àwọn tó ń kó zobo tàbí yànmọ̀tí, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní ridi, bọ̀ wá sí èbúté fún títà sókè òkun lè bá ẹ dé ìdajì ìnáwó, tó o bá ti bá wọn sọ ọ́ kí ọkọ̀ tó kúrò ní Èkó. Tó bá jẹ́ pé Kánò lo ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn, o ti pẹ́ nìyẹn.

Nípa ibi tí ẹrù wà, kò sí àwo kankan tí mo fẹ́ tú. Àwọn áàpù tó ń so ẹlẹ́rù pọ̀ mọ́ ọlọ́kọ̀ ti wà, Kobo360 bẹ̀rẹ̀ láti 2017, wọ́n sì wúlò fún ẹni tí ò mọ ẹnikẹ́ni. Àwọn ilé iṣẹ́ wà ní Àgbárá, ní Ọ̀tà, ní etí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí ọjà wọn ń jáde lójoojúmọ́. Púpọ̀ nínú wọn ò ní bá ẹni tó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, wọ́n fẹ́ rí ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ tó sì ní ìwé adójútòfò fún ẹrù ojú ọ̀nà. Ohun tí èèyàn márùn-ún tó ní ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lè ṣe pa pọ̀ nìyẹn, kí wọ́n forúkọ ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀, kí wọ́n dáwó ìwé adójútòfò. Mo ti bá àwọn kan kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìjà tí wọ́n bá ara wọn jà lórí ta ni máa jẹ́ ọ̀gá pẹ́ ju ìwé náà lọ, àmọ́ wọ́n ń bá a lọ.

Ibi tí wàhálà ti ń wọlé ni ọ̀dọ̀ alágbàtà. Ẹni tó ni ẹrù pe ajẹ́ǹtì, ajẹ́ǹtì pe ilé iṣẹ́ akẹ́rù, ìyẹn pe ọ̀gá gáréèjì kan, ọ̀gá gáréèjì wá pe ọ̀rẹ́ mi. Olúkúlùkù ti bu tiẹ̀ kó tó kàn án. Lábẹ́ òfin, ẹni tó bá ẹ ṣe àdéhùn ló jẹ ọ́ lówó, kì í ṣe ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà lára kọ̀ntánà. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ̀ dúró fún ọjọ́ méje ní Kánò, ẹni tó dá a dúró ò bá ọ̀rẹ́ mi ṣe àdéhùn kankan. Ẹni tó bá a ṣe àdéhùn wà ní Èkó, fóònù ló fi bá a sọ̀rọ̀, iye owó nìkan ló sì sọ. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ọjọ́.

Àdéhùn ẹnu lágbára lábẹ́ òfin Nàìjíríà, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. Bí wọ́n ṣe máa fi hàn ní kóòtù ni ìṣòro. Kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀ kúrò nílẹ̀, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp: ẹrù yìí, láti ibí dé ibẹ̀, iye báyìí, ìdajì kí ọkọ̀ tó gbéra, ìyókù kí ẹrù tó tán nílẹ̀, wákàtí 48 lọ́fẹ̀ẹ́ fún jíjá ẹrù, lẹ́yìn ìyẹn iye báyìí ni fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ náà sì ni fún kọ̀ntánà òfìfo. Kí ẹni yẹn dáhùn pé òun gbà. Abala 84 nínú òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 gba ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà àti fóònù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, tí ìwé tó yẹ bá ti tẹ̀ lé e. Kí awakọ̀ sì rí i pé wọ́n kọ déètì àti wákàtí tó dé àti èyí tó jáde sára waybill, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá kọ̀, kó ya fọ́tò géètì wọn ránṣẹ́.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ iye owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan rèé. Láti 2018 ni Èkó ti ní kóòtù gbèsè kékeré, Small Claims Court. Gbèsè tí ò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ ni wọ́n ń gbọ́, wọ́n fẹ́ kó parí láàárín ọgọ́ta ọjọ́, o sì lè lọ láìgba lọ́yà (ẹ má sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé èmi ni mo sọ ọ́). Ó máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà míì. Ṣùgbọ́n gbèsè tí iye ẹ̀ ti dájú nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Tó o bá lọ síbẹ̀ lọ sọ pé wọ́n dá ọkọ̀ mi dúró, ó dùn mí, kí wọ́n fún mi ní ohun tó tọ́, wọ́n á ní kó o gba kóòtù míì lọ. Tó o bá lọ síbẹ̀ pé a jọ gbà á ní iye báyìí lójúmọ́, ọjọ́ mọ́kànlá ló lé, ìwé rèé, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ìlà kan ṣoṣo nínú àdéhùn ló sọ ẹ̀dùn ọkàn di gbèsè.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Tí mo bá béèrè owó ìdúró, wọ́n á gbé ẹrù fún ẹlòmíì. Ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn ẹ̀ ò lè máa bá olówó fa ọ̀rọ̀, ìyẹn ni mi ò ṣe gbà pé ọgbọ́n ọlọ́kọ̀ kan ṣoṣo ló máa yanjú èyí. Àjọ Nigerian Shippers' Council ni ìjọba yàn láti 2014 láti máa mójú tó ètò ọrọ̀ ajé ní èbúté wa. Kí ló ń dí wọn lọ́wọ́ láti gbé ìwé àdéhùn kan jáde fún gbogbo tírélà tó bá ń gbé kọ̀ntánà kúrò ní Àpápá, Tin Can àti Lẹ́kí, tí owó ìdúró á wà nínú ẹ̀ fún gbogbo èèyàn? Tí gbogbo ọlọ́kọ̀ bá ń béèrè nǹkan kan náà, kò ní sí ẹni tí wọ́n máa sá lọ bá. Àwọn ẹgbẹ́ onítírélà ní èbúté náà lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́la, owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń gbà tó iṣẹ́ yẹn. Ní oṣù Kejì 2021, NPA gbé ìlànà Ètò jáde, tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì pe ọkọ̀ wọ èbúté kí wọ́n lè kúrò lórí afárá. Ó kó wọn lọ sí páàkì. Owó ọjọ́ tí wọ́n ń dúró ní páàkì ò kúrò lọ́rùn ẹni tó wà tẹ́lẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń wọ dáńfò nìkan, tẹ́ ẹ ò ní tírélà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2023, kọ̀ntánà já bọ́ láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba sórí bọ́ọ̀sì, èèyàn mẹ́sàn-án kú. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kan náà ní 2015. A máa ń bínú sí awakọ̀, ó sì yẹ ká bínú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọlọ́kọ̀ tó ti pàdánù ọjọ́ mẹ́tàlá. Taya tó yẹ kó pààrọ̀ lóṣù yìí, ó ti sún un sí oṣù tó ń bọ̀. Ìdè tó ń di kọ̀ntánà mú, èyí tó ti bàjẹ́, okùn ló fi so ó. Awakọ̀ tó yẹ kó sùn, ó ní kó máa bọ̀ lóru. Owó ìdúró tí olówó ẹrù kọ̀ láti san ò pòórá, ó wà lábẹ́ ọkọ̀ yẹn, ó ń sáré bọ̀ lórí afárá.

Ọ̀rẹ́ mi ti dín ẹrù ọ̀nà jíjìn kù. Ilé iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ kan ní ọ̀nà Ìbàdàn ló ń gbé fún báyìí, owó wọn kéré, àmọ́ wọ́n ń já ẹrù lọ́jọ́ kan náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, alágbàtà ọjọ́sí tún pè é, ẹrù Kánò. Ó ní òun á gbé e tó bá lè fi wákàtí 48 àti owó ọjọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó pa fóònù. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló kọ ọ́ ránṣẹ́. Wákàtí 72 ló kọ, kì í ṣe 48. Wọ́n ṣì wà lórí ẹ̀.