Ta Ló Ní Ká Gba Ẹnu Gẹ̀ẹ́sì Kọ́ Faransé?

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ Faransé lórí fóònù pé kí ló máa ń ṣe bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Kíá ló máa dá yín lóhùn: “Mon passe-temps favori est la lecture.” Gírámà rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn láàárín ọ̀rẹ́? Ọ̀dọ́ ìlú Paris á kàn ní “je bouquine”, mo máa ń kàwé, ó parí. Ìbéèrè gan-an ò ní “passe-temps” nínú: “Tu fais quoi le week-end ?” Kí lo máa ń ṣe lópin ọ̀sẹ̀?

Kì í ṣe áàpù nìkan ni mò ń bá jà o. Ọ̀nà tí à ń gbà ni: láti Yorùbá a lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, ká tó wá dé Faransé. Iṣẹ́ kóòdù ni mò ń ṣe, mo sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá kó oríṣi dátà mẹ́ta sábẹ́ orúkọ kan: àtiyà wọ́n sọ́tọ̀ padà á dogun. Bẹ́ẹ̀ ni “play” ti Gẹ̀ẹ́sì rí. Bọ́ọ̀lù, “play”. Gìtá, “play”. Ayò, “play”. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá ní “je joue la guitare”, á dún bí agogo fífọ́.

Àwa ò kúkú sọ bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá. A kì í “ṣeré bọ́ọ̀lù”, à ń gbá a ni. À ń ta ayò, à ń lu ìlù, à ń fọn fèrè, à ń tẹ dùùrù, à ń gun kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fọn ìlù, ọmọ ọdún 5 á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Faransé náà ń yà wọ́n sọ́tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ ò pọ̀ tó tiwa. Eré tó ní òfin, “jouer à”: jouer au foot, jouer aux cartes. Ohun èlò orin, “jouer de”: jouer de la guitare. Ohun tí èèyàn máa ń ṣe déédéé, “faire de”: faire du vélo, faire de la natation. “J’aime le foot” lè jẹ́ pé o kàn máa ń wò ó. “Je fais du foot”, o máa ń gbá a nìyẹn. Ta ló ti ní etí fún irú ìyàtọ̀ yìí láti kékeré bí kì í bá ṣe àwa? Olùkọ́ á tún wá ní ká gbàgbé Yorùbá sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì!

(Kí n má gbàgbé: “je fais du sport”, ṣùgbọ́n “je fais pas de sport”. “Ne” tí ìwé ní kó wà níbẹ̀, ẹnu ti gbé e mì.)

Ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ kékeré. Àwọn ará wa tó fẹ́ lọ Kánádà ń jókòó ṣe ìdánwò TCF Canada. Apá àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ sísọ, ìṣẹ́jú 2 ni, kò sí àyè ìgbáradì: sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ fún ẹni tó ò mọ̀ rí. Ẹni tó ti há “la lecture et les voyages” sórí, kí ló fẹ́ wí bí wọ́n bá bi í pé ìwé wo ló ń kà lọ́wọ́? Kò kàwé, kò rìnrìn àjò. Lúdò ló ń ta lálaalẹ́, ó sì mọ̀ ọ́n ta dáadáa. Àmọ́ kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní “je joue au ludo avec mes amis”, torí wọ́n ní lúdò ò bójú mu.

Ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Olómìnira Benin, láti inú Yorùbá lọmọ ilé ìwé ti ń bọ́ sínú Faransé. Irú àtẹ bẹ́ẹ̀ ni mò ń tò báyìí: gbá, ta, lu, fọn, tẹ̀, gùn lápá òsì, Faransé lápá ọ̀tún. Kò sí Gẹ̀ẹ́sì láàárín.