Ìbọn Pélébé Kò Lè Sìn Ọ́ Délé



Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkejà, Ọ̀gbà, Agídìńgbì àti Orégùn, tí wọ́n sì ń gbé ní Agége, Ìfàkọ̀ àti Ìyánà Ìpájà. Wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni wọ́n ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ẹni dákẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ síta.

Lẹ́yìn Àsàlátù ọjọ́ Àìkú kan ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan fà mí lọ sí ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe. Àwọn olè ti dá a lọ́nà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́bàá ojú irin. Ní ẹ̀ẹ̀kíní wọ́n gba fóònù rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kejì wọ́n gba owó oṣù rẹ̀, wọ́n sì fi ìdí ìbọn gbá a lórí. Ó fi àpá rẹ̀ hàn mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹnìkan fẹ́ ta ìbọn pélébé kan fún mi. Kékeré ni, àpò ṣòkòtò gbà á, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé ó wà lára mi. Ó ní òun máa mú mi lọ sínú igbó kí n dán an wò kí n tó sanwó. Kí ni ẹ rí sí i?"

N kò bá a wí. Ẹni tí wọ́n fi ìdí ìbọn gbá lórí, ìwàásù sùúrù nìkan kò tó o. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé ohun tí ó fẹ́ rà yẹn kò lè ṣe iṣẹ́ tí ó ń torí rẹ̀ rà á. Ohun tí mo sọ fún un ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni wọ́n ń fi ọjà náà lọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo dídán tí wọ́n ní kí ó dán an wò. Ìbọn kékeré tí à ń fi sápò kì í ṣe ohun tuntun láyé. Ní ọdún 1906 ni ilé-iṣẹ́ FN ní ilẹ̀ Bẹ́líjíọ̀mù ti gbé irú rẹ̀ jáde, èyí tí John Browning, ará Amẹ́ríkà, ronú ṣe. Àléébù irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kò fara sin: ẹnu rẹ̀ kúrú, ó fúyẹ́, ó ń ta mọ́ oníbọn lọ́wọ́, ibi tí à ń gbà fojú sun ohun tí a fẹ́ ta kò sì gùn rárá. Bí ẹnu ìbọn bá fi ìwọ̀n dìgírì kan ṣoṣo yà, tí ojú kò tilẹ̀ ní rí i pé ó yà, ọta yóò fi sẹ̀ǹtímítà 12 tàsé ohun tó wà ní mítà 7. Ní mítà 20, yóò fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 35 tàsé. Ọwọ́ ta ni kì í gbọ̀n nígbà tí olè bá yọ sí i ní agogo márùn-ún ìdájí? Bí ọta náà kò bá sì ba olè, ta ni yóò bà? Ìyá tó ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni, tàbí ọmọ tó sùn sẹ́yìn páànù.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti gbà á láyè, ẹni tó bá ra irú ìbọn bẹ́ẹ̀ a máa lọ sí pápá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìbọn yíyìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń yin ọta tó 200 kí wọ́n tó gbà pé ìbọn náà kò ní há mọ́ àwọn lọ́wọ́, wọn a sì máa padà lọ síbẹ̀ léraléra kí ọwọ́ wọn má baà gbàgbé. Níbo ni a ó ti rí èyí ní Agége? Ẹni tó ń ta ìbọn ní ìkọ̀kọ̀ yóò mú ọ wọgbó, yóò ní kí o yin ẹyọ kan tàbí méjì sí ìdí igi, ẹ ó sì sá kúrò kí ẹnikẹ́ni tó wá wò yín. Igi kì í sá. Igi kì í já ìbọn gbà lọ́wọ́ ẹni. Igi kì í gun ọ̀kadà ní méjì-méjì. Ìdánwò tí o ṣe yẹn, igi nìkan ni o fi borí.

Bí ó bá wá jẹ́ èyí tí alágbẹ̀dẹ rọ ni, páìpù lásán ni wọ́n fi ń ṣe ẹnu púpọ̀ nínú wọn, ọta ìbọn ọdẹ ni wọ́n sì ń kì sí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Páìpù tí wọn kò ṣe fún ìbọn lè fọ́ mọ́ oníbọn lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kíní, ó lè jẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kẹwàá. Ẹni tó yìn ín lẹ́ẹ̀mejì tí kò fọ́, kò tíì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ tún rántí pé olè kì í kéde kí ó tó dé. Nígbà tí ìwọ yóò bá fi rí i, ìbọn tirẹ̀ ti wà lọ́wọ́, tìrẹ ṣì wà lápò. Fóònù ló wá gbà. Bí ó bá rí i pé o ti ọwọ́ bọ àpò, ẹ̀mí ni yóò gbà.

Ohun kejì ni òfin. Òfin Ìbọn ọdún 1959 ṣì wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà títí di òní. Ó pín ìbọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Ìbọn ọdẹ wà níbẹ̀, ṣakabùlà wà níbẹ̀. Èèyàn lè tọrọ ìwé àṣẹ wọn. Ṣùgbọ́n ìbọn pélébé, ìbáà jẹ́ ti òyìnbó, ìbáà jẹ́ ti alágbẹ̀dẹ, ọ̀wọ́ àwọn tí òfin kà léèwọ̀ ló wà, òun àti bọ́ǹbù àti ìbọn ológun. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ni òfin fún ní agbára láti fọwọ́ sí ìwé àṣẹ rẹ̀. DPO kò lè fún ọ, ẹni tó tà á fún ọ kò lè fún ọ. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10. Òfin mìíràn tún wà, èyí tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1984 lórí ìdigunjalè àti ìbọn. Ó ní kí ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn tí kò bófin mu mọ́ lọ́wọ́ san 20,000 náírà, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí kí ó ṣe méjèèjì. Ẹ wo orúkọ òfin yẹn dáadáa. Ìwé kan náà tó ń bá adigunjalè wí ló ń bá ìwọ tí o ra ìbọn nítorí adigunjalè wí.

Nígbà tí ọlọ́pàá bá dá bọ́ọ̀sì dúró ní ìdájí tí wọ́n sì tú àpò rẹ, kí ni ìwọ yóò wí? Aṣọ iṣẹ́ tí o wọ̀ kò lè jẹ́rìí fún ọ. Ìyá rẹ yóò máa gbé oúnjẹ lọ sí Kirikírì, olè tó gba fóònù rẹ yóò sì máa sùn nílé rẹ̀.

Àwọn kan yóò dá mi lóhùn pé, "Ṣebí ẹ̀sìn wa gbà kí èèyàn gbèjà ara rẹ̀?" Òótọ́ ni. Hàdíìsì tó fìdí múlẹ̀ wà pé ẹni tí wọ́n bá pa níbi tó ti ń dáàbò bo dúkìá rẹ̀, ikú ṣàhídì ló kú. N kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Ànábì kan náà, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ló pàṣẹ pé ẹni tó bá kó ọfà gba inú mọ́ṣáláṣí tàbí inú ọjà kọjá, kí ó di ẹnu ọfà náà mú, kí ó má baà ṣe Mùsùlùmí kankan léṣe. Ọfà ni o, èyí tí kò lè fò bí ẹnikẹ́ni kò bá ta á. Ó tún kìlọ̀ fún wa kí a má ṣe na ohun ìjà sí ọmọ ìyá wa. Kí ni a ó wá wí nípa ìbọn tó kì sílẹ̀ nínú àpò ẹni tó dúró ní ìlà ìrun, tó ń rúkúù, tó ń forí kanlẹ̀, tí àwọn ọmọdé sì wà lẹ́yìn rẹ̀? Gbígbèjà ara ẹni tọ́. Fífi ẹ̀mí aládùúgbò ẹni wéwu kí a tó lè gbèjà ara wa kò tọ́.

Ẹ jẹ́ kí a rántí oṣù kẹrin ọdún 2020. Ìjọba ti sé Èkó mọ́ nítorí àrùn kòrónà. Ìròyìn gba ìlú kan pé àwọn ọmọ ìta tí wọ́n ń pè ní Awáwá àti One Million Boys ń bọ̀. Ní Agége, ní Ìfàkọ̀-Ìjàyè, ní Alímọ̀ṣọ́, àwọn ọkùnrin kò sùn. Wọ́n dáná sun táyà ní oríta, wọ́n mú igi, wọ́n mú àdá, wọ́n sì ṣọ́ àdúgbò títí ilẹ̀ fi mọ́. Kì í ṣe ìbọn ni wọ́n gbójú lé. Pípọ̀ tí wọ́n pọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Lọ́pọ̀ ìgbà, igbe á ta pé "Wọ́n ti dé!", kò sì sí ẹni tó dé. Ẹ̀rù ló ń sáré láti àdúgbò kan bọ́ sí èkejì. Ká ní gbogbo ọkùnrin tó wà ní oríta wọ̀nyẹn ló ní ìbọn pélébé lápò ńkọ́? Nínú òkùnkùn, nínú èéfín táyà, ta ni ì bá dá ọmọ àdúgbò kejì mọ̀ yàtọ̀ sí olè? Òkú ara wa ni à bá máa gbé ní òwúrọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ara yín léèrè pé níbo ni ìbọn yẹn yóò máa sùn? Nínú yàrá kan tí èèyàn márùn-ún ń gbé, abẹ́ ìrọ̀rí ni àbí inú àpótí aṣọ? Àwọn ológun pàápàá tí wọ́n kọ́ṣẹ́ ohun ìjà, ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, ibi tí wọ́n kó ohun ìjà pamọ́ sí ní bárékè Ìkejà gbiná, ó sì ń bú gbàmù títí wọ alẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú, bọ́ǹbù kọ́ ló pa wọ́n. Wọ́n ń sá lọ nínú òkùnkùn ni wọ́n kó sínú omi kànáàlì ní Òkè-Àfà, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Ní Amẹ́ríkà, ìbọn pa èèyàn tó lé ní 48,000 ní ọdún 2022. Nínú wọn, ó lé ní 27,000 tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi ìbọn pa ara wọn. Ọjọ́ tí ọkàn ọmọ yín bá bàjẹ́, ẹ má jẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nítòsí rẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ̀bi kò wà lọ́rùn ọ̀dọ́ nìkan. Ilé-iṣẹ́ púpọ̀ ti kógbá sílé ní agbègbè yìí. Dunlop dẹ́kun táyà ṣíṣe ní Ìkejà ní ọdún 2008. Ibi tí ilé-iṣẹ́ bá ti kógbá sílé, iná ẹnu géètì rẹ̀ a kú, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ a sì máa wá oúnjẹ kiri. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọlọ́jà ńlá tí ẹ ṣì ń bá iṣẹ́ lọ, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ kàn jù. Ẹ ń dá òṣìṣẹ́ sílẹ̀ ní agogo mẹ́wàá alẹ́, ẹ sì ń ti géètì mọ́ wọn lẹ́yìn. Ọjà yín ní ọkọ̀, ó ní ẹ̀ṣọ́ tó ń sìn ín jáde. Ẹni tó ṣe ọjà náà ń fẹsẹ̀ rìn nínú òkùnkùn. Ọkọ̀ tí yóò gbé òṣìṣẹ́ alẹ́ dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà kì í ṣe sàráà, ẹ̀tọ́ ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, bí ẹ bá lọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ owó oṣù, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sí i. Owó tí olè yóò gbà lójú ọ̀nà, kí ni àǹfààní àfikún rẹ̀?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má dá rìn mọ́. Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ẹ dúró de ara yín ní géètì, kí àwọn tó ń lọ sí Agége kó ara wọn jọ, kí àwọn tó ń lọ sí Ìyánà Ìpájà kó ara wọn jọ. Ẹ dá owó tí ẹ bá fẹ́ fi ra ìbọn jọ, kí ẹ fi gba awakọ̀ kan tí ẹ mọ̀ mọ ilé rẹ̀. Kí owó oṣù gba báńkì, kí ó má gba àpò. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó kírun Àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí tó sún mọ́ ilé-iṣẹ́, kí ó sì dúró síbẹ̀ títí ojú ọjọ́ yóò fi là. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí Ọ̀gbà àti Ìkejà, ẹ má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ irú wọn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ẹ tan iná sí ojú ọ̀nà tí wọ́n ti ń dá èèyàn lọ́nà, kí ẹ sì pe àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tí òfin Èkó ti ọdún 2016 dá sílẹ̀. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ní Èkó ni 767 tàbí 112. Kí ọmọdé ilé pàápàá mọ̀ ọ́n.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bi mí ní ìbéèrè kan kí a tó túká. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá tún dá mi lọ́nà ńkọ́?" Mo ní kí ó fún wọn ní fóònù. Ó wò mí, inú rẹ̀ kò dùn, n kò sì dá a lẹ́bi. N kò lè ṣèlérí fún un pé olè kò ní dá a lọ́nà mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ yóò padà délé, yóò sì tún ra òmíràn. Ẹni tó ṣì yin aláìṣẹ̀, ẹni tó ń ka ọdún 10 lẹ́wọ̀n, ẹni tí páìpù fọ́ mọ́ lọ́wọ́, kí ni wọn yóò fi ra tiwọn padà?

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àlọ wa, kí Ó ṣọ́ àbọ̀ wa, kí Ó má fi ọmọ wa ṣe ẹran ìbọn, kí Ó má sì fi ìbọn sí ọmọ wa lọ́wọ́. Àmín.