Kétu Ń Kí Yín, Ẹ̀yin Ọmọbìnrin Tó Jáde ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Láti Alápẹ̀rẹ̀ dé Ìkòsì, láti ibùdókọ̀ Kétu dé ẹnu ọjà Mile 12, ayọ̀ ti gba àdúgbò kan. Àwọn ọmọbìnrin wa ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ̀yin tí ẹ jáde ní Queen's College, Yábàá, à ń kí yín. Ẹ̀yin ti Methodist Girls' High School, à ń kí yín. Ẹ̀yin tí ẹ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin mìíràn, ìbáà ṣe ti ìjọba, ìbáà ṣe ti ìjọ, ẹ má wò ó pé a gbàgbé yín. Ijó yìí, tiyín náà ni.

Ọdún mẹ́fà kì í ṣe ọjọ́ mẹ́fà. Ọmọ tó ń ti Kétu lọ sí Yábàá lójoojúmọ́ mọ̀ pé òkùnkùn la fi ń jí, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó dí ojú ọ̀nà Ìkòròdú pa. Láti ọdún 2008 tí ọkọ̀ BRT ti ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ láti Mile 12 wọ Èkó, ìrìn náà dẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá jí pẹ́ á bá èrò tó tò lọ rẹrẹẹrẹ ní ibùdókọ̀. Àwọn tó wà ní bọ́dìn náà rí tiwọn: agogo ìjí, iṣẹ́ òwúrọ̀, gààrí mímu, àti kí wọ́n máa ka ọjọ́ de ọjọ́ tí òbí á wá wò wọ́n. Ẹ ti là á já. Ẹ ti jókòó ṣe WAEC, ẹ ti ṣe NECO. Ẹ jó, ó tọ́ sí yín.

Àmọ́ bí ẹ ti ń jó, ẹ wo ẹni tó ń lẹ owó mọ́ yín níwájú. Ẹ̀yin bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n yà sọ́dọ̀ àwọn ìyá. Tòmátì tó ń ti Òkè Ọya wọ Mile 12, inú apẹ̀rẹ̀ ló ń bá wá. Ìyá tó bá ra apẹ̀rẹ̀ kan, tó bu ú sínú abọ́ kéékèèké lórí àtẹ, kò gbọdọ̀ sùn lé e: bí kò bá tètè tà, ó di kíkàn. Nínú èrè tó bá yọ ló ti ń dá àjọ lójoojúmọ́. Bí oṣù bá parí, alájọ á yọ owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀, ìyá á kó ìyókù, owó ilé-ẹ̀kọ́ jáde nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọ ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan rí àyàfi lọ́jọ́ tí wọ́n lọ wò yín.

Kì í ṣe òní ni owó obìnrin ti ń rán ọmọbìnrin níwèé nílùú Èkó. Ọdún 1909 ni ìjọba amúnisìn ti dá King's College sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin. Ti ọmọbìnrin ńkọ́? Ó tó ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn náà. Àwọn obìnrin Èkó kò dákẹ́ ní tiwọn. Oyinkán, ọmọ Sir Kitoye Àjàsá, tí a wá mọ̀ sí Lady Oyinkán Abáyọ̀mí, kó àwọn ojúgbà rẹ̀ jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì tu nǹkan bí £1,000 jọ kí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin náà lè dúró. Ní 10 Oṣù Kẹwàá, 1927, Queen's College ṣílẹ̀kùn fún ogún ọmọ péré. Oyinkán fúnra rẹ̀ sì wọ kíláàsì, ó ń kọ́ wọn. Ní ọdún 2027, ilé-ẹ̀kọ́ náà pé ọgọ́rùn-ún ọdún gééré.

Ẹ wá wo ohun tí owó náà bí. Elizabeth Abímbọ́lá Awólíyì jáde níbẹ̀, ó lọ kọ́ ìṣègùn ní ìlú Dublin, ó gboyè ní 1938, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. Grace Alele-Williams jáde níbẹ̀, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí ẹ̀kọ́ ìṣirò ní Chicago ní 1963, nígbà tó sì di 1985, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá àgbà yunifásítì ní ilẹ̀ wa, ní Benin. Methodist Girls' ti wà láti 1879 ní tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni Fọlákẹ́ Ṣólàńkẹ́ ti kàwé, obìnrin àkọ́kọ́ tó di SAN, oyè àgbà agbẹjọ́rò ilẹ̀ wa, ní 1981. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìwé tó obìnrin báyìí, orúkọ àwọn mẹ́ta yìí ni kí ẹ fi dá a lóhùn.

Ọ̀la wá ńkọ́? Ẹni tó bá ti ní kírẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́ ń béèrè wà níbẹ̀, tí máàkì JAMB rẹ̀ sì gbé e, kó máa lọ. UNILAG kò jìnnà, LASUSTECH wà ní Ìkòròdú níbí. Bí owó bá ṣe ìdíwọ́, NELFUND tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2024 ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba lówó láìgba èlé. Ẹni tí JAMB kò bá tíì gbè lọ́dún yìí, kì í ṣe òpin ayé. Kó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kó kọ́ kọ̀ǹpútà, kó tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.

Kí ọgbà yunifásítì tó ṣí, iṣẹ́ wà nílé. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ bá ìyá yín ṣí ìwé ọjà: iye apẹ̀rẹ̀ tó rà, iye tó bàjẹ́, iye tí oníbàárà jẹ ẹ́, iye èrè. Ẹ bá a wò ó dájú pé owó wọlé sí báńkì kí oníbàárà tó gbé ẹrù lọ. Lẹ́yìn náà, kí kálukú yín mú ọmọbìnrin kan ní àdúgbò, ọmọ tó kù díẹ̀ kó jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ́ ọ fún Common Entrance láìgba kọ́bọ̀. Àwọn tó tu £1,000 yẹn jọ kò mọ orúkọ yín. Síbẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹ ó kàwé kọjá ibi tí ìyá yín fojú sùn. Ìyá yín á pẹ́ láyé, wọ́n á jẹ èrè ọmọ. Onílù ti dé o, ẹ jẹ́ ká jó!